Ẹ Bi Wá: Obìnrin Nínú Bàálù Ogun, Àti Ìwé Tó Kù Lẹ́yìn Ogun

Láti ìgbà tí pápákọ̀ òfurufú ti wà láàrin Ìperu àti Ìlíṣàn, ìbéèrè lórí bàálù kò tán lórí tábìlì wa. Èyí tó wá lórí àwọn obìnrin tó wa bàálù ológun pọ̀ débi pé a ya gbogbo abala tòní sọ́tọ̀ fún un. A gé àwọn lẹ́tà kúrú, ṣùgbọ́n a ò yí ohun tí ẹnikẹ́ni béèrè padà.

*Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Àríyànjiyàn ló bẹ́ sílẹ̀ ní ìsọ̀ mi. Oníbàárà mi kan ní obìnrin fi bàálù jà nígbà ogun Hítílà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní irọ́ gbuu ni, pé nọ́ọ̀sì ni gbogbo obìnrin tó lọ ogun náà. Wọ́n ti ta á: ẹni tó bá jẹ̀bi ni yóò se ìkókórè fún gbogbo ìsọ̀. Ta ló jẹ̀bi?*
Ìyá aláṣọ, Òkè-Ajé, Ìjẹ̀bú-Òde

Ìyá wa, ẹ ní kí ẹni tó pè é ní irọ́ máa wá ewùrà lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹnìkejì náà má tíì fọwọ́ lérán, torí pé wíwa bàálù ogun àti fífi bàálù jagun, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Sófíẹ́ẹ̀tì, tí Rọ́ṣíà jẹ́ olórí rẹ̀, ló rán obìnrin lọ jà lójú òfurufú. Ní oṣù kẹwàá 1941, wọ́n pàṣẹ pé kí Marina Raskova, tí òkìkí rẹ̀ ti kàn kí ogun tó dé nítorí ìrìn àjò òfurufú ọlọ́nà jíjìn, kó ẹgbẹ́ mẹ́ta jọ: ẹgbẹ́ 586, 587 àti 588. Ìlú Engels, lẹ́bàá odò Volga, ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. Àwọn yẹn yìnbọn, wọ́n ju bọ́ǹbù, wọ́n sì kú sí i. Raskova fúnra rẹ̀ kú ní oṣù kìíní 1943 nígbà tí bàálù rẹ̀ já lulẹ̀ lójú ọ̀nà ogun.

Ti ìlú Ọba yàtọ̀. Ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní ATA ló gba obìnrin, mẹ́jọ péré ní ọjọ́ kìíní ọdún 1940, kí wọ́n tó di 168 nígbẹ̀yìn. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n gbé bàálù kúrò níbi tí wọ́n ti ṣe é, kí wọ́n wà á lọ fún àwọn tí yóò fi jà. Bákan náà ni WASP ti Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ 1943. Obìnrin tó lé ní 25,000 ló kọ̀wé pé àwọn fẹ́ wọ̀ ọ́. 1,830 ni wọ́n gbà. 1,074 ló yege. Wọ́n ń gbé bàálù kiri, wọ́n ń dán èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe wò, wọ́n sì ń fi okùn gígùn wọ́ aṣọ lẹ́yìn bàálù kí àwọn ọmọ ogun tó ń kọ́ ìbọn lè máa yìn ín. Ọta gidi ni wọ́n ń yìn o. Bó ti ń ba aṣọ, bẹ́ẹ̀ ló ń ba ìrù bàálù nígbà mìíràn.

Ìdájọ́ wa: ẹni tó jiyàn mú ewùrà wá, ẹni tó sọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra wọn mú epo àti ẹja wá.

*Bàbá bàbá mi lọ ogun Bọ́mà. Ó máa ń sọ pé bàálù ló ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn nínú igbó. Ṣé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ obìnrin ló ń wà á?*
Òǹkàwé, Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀

Rárá. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ yẹn kì í ṣe àsọdùn: ní àfonífojì Kaladan ní 1944, ohun tí bàálù bá jù sílẹ̀ ni Dífíṣọ̀n 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń jẹ, òun náà ni wọ́n fi ń jà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ló wà nídìí ọkọ̀. Àwọn ATA obìnrin ò kọjá Yúróòpù, àwọn WASP ò sì kúrò ní apá Amẹ́ríkà.

*Mẹkáníìkì ni mí. Mọ́tò tí mi ò wà rí, màá kọ́kọ́ yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbọ́ pé àwọn obìnrin ìlú Ọba yẹn á dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀, wọ́n á bá bàálù tí wọn ò fojú rí rí, wọ́n á sì gbé e fò lọ́jọ́ náà. Báwo ló ṣe ṣeé ṣe?*
Ọ̀gá mẹkáníìkì, Ṣàgámù

Káàdì ló ṣe é, Ọ̀gá. Káàdì pélébé ni, wọ́n fi òrùka so ó pọ̀, ó sì wọ àpò. Ferry Pilots Notes lorúkọ rẹ̀. Bàálù kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ níbẹ̀: iyára tó yẹ kó ní kó tó kúrò nílẹ̀, iyára tí a fi ń balẹ̀, bí ẹ́ńjìnì ṣe gbọ́dọ̀ máa yí, ibi tí wọ́n fi ohun tó ń yí táǹkì epo pamọ́ sí. Awakọ̀ á kà á bó ṣe ń rìn lọ síbi ọkọ̀. Irú bàálù tí ẹgbẹ́ náà gbé kiri fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 150, kò sí orí tó lè kó gbogbo rẹ̀ sínú.

Wọ́n tún pín bàálù sí ìsọ̀rí mẹ́fà. Ìkíní ni àwọn kékeré ẹlẹ́ńjìnì kan. Ìkejì ni àwọn ajagun bíi Spitfire àti Hurricane. Ìkẹta àti ìkẹrin, ẹlẹ́ńjìnì méjì. Ìkarùn-ún, ẹlẹ́ńjìnì mẹ́rin. Ìkẹfà, àwọn tó ń balẹ̀ sórí omi. Bí o bá ti yege nínú ìsọ̀rí kan, gbogbo èyí tó wà níbẹ̀ di tìrẹ, bí ẹni tó mọ Danfo wà tí a fún ní bọ́ọ̀sì mìíràn. Obìnrin ò dé ìsọ̀rí kẹfà. Mọ́kànlá ló dé ìkarùn-ún, Lettice Curtis ló sì kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ẹlẹ́ńjìnì mẹ́rin nìyẹn o, òun nìkan pẹ̀lú mẹkáníìkì kan, nínú ọkọ̀ tí ènìyàn méje máa ń gbé lọ sójú ogun.

Ohun tó ń pani níbẹ̀ kì í sábà jẹ́ àìmọ̀ ọkọ̀. Ohun kékeré tí a gbàgbé ni. Ẹ wo Spitfire àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe. Nígbà tó bá ń sáré láti gbéra, ọwọ́ òsì wà lórí ọ̀pá iná, ohun tó ń ṣiṣẹ́ tí ọlọ́kadà ń fi ọwọ́ lọ́. Ọwọ́ ọ̀tún di ọ̀pá ìdarí mú. Tó bá ti kúrò nílẹ̀, ẹsẹ̀ bàálù gbọ́dọ̀ wọlé. Páǹpù ọwọ́ ló ń fà á wọlé, apá ọ̀tún sì ni wọ́n gbé páǹpù náà sí. Nítorí náà awakọ̀ á fi ọ̀pá iná sílẹ̀, á fi ọwọ́ òsì gba ọ̀pá ìdarí, á wá fi ọ̀tún máa pọ́ǹpù.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Nọ́ọ̀tì kan wà lára ọ̀pá iná tí a fi ń mú un le. Bí kò bá fún un dáadáa kó tó gbéra, ìgbọ̀nrìrì ẹ́ńjìnì á máa ti ọ̀pá náà padà sẹ́yìn ní gbàrà tí ọwọ́ bá kúrò lórí rẹ̀. Agbára á tán lára ọkọ̀ nígbà tí kò tíì ga ju igi àgbọn lọ. Bó bá sì rántí nọ́ọ̀tì, ọwọ́ ṣì kù: bí ọ̀tún ṣe ń lọ tó ń bọ̀ lórí páǹpù, òsì náà á máa bá a jó láìmọ̀, bàálù á wá máa yọ sókè yọ sódò bíi kòkòrò tí a lù tí kò kú. Ará ilẹ̀ á ti mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ló ń lọ yẹn. Nígbà tí wọ́n so páǹpù mọ́ ẹ́ńjìnì nínú àwọn tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà, ijó parí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ rédíétọ̀, ẹ ó gbádùn èyí: abẹ́ ìyẹ́ ni ti Spitfire wà, ẹsẹ̀ bàálù sì dí atẹ́gùn mọ́ ọn nígbà tó bá wà nílẹ̀. Bó bá dúró pẹ́ pẹ̀lú ẹ́ńjìnì títàn, omi á hó. Awakọ̀ tó bá jókòó tí ń ka káàdì lẹ́yìn tó ti tan ẹ́ńjìnì ti pẹ́ jù. Imú ọkọ̀ náà tún gùn, kò jẹ́ kí a rí iwájú, nítorí náà bí ejò ni wọ́n ṣe ń wà á nílẹ̀, kí wọ́n lè máa yọjú lápá òsì, lápá ọ̀tún.

Kò sí rédíò tí wọ́n fi ń bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Máàpù lórí orúnkún, ojú nílẹ̀: odò, ojú irin, ilé ìjọsìn. Wọn kì í fi wọ́n ránṣẹ́ sínú ìkùukùu, torí ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò lè ka ilẹ̀. Amy Johnson, tó ti dá wa bàálù láti ìlú Ọba dé Ọsirélíà ní 1930, gbéra ní Blackpool ní 5 January 1941, ó ń lọ sí itòsí Oxford. Ojú ọjọ́ burú. Ẹnu odò Thames ló já sí, ibi tó jìnnà réré sí ọ̀nà rẹ̀. Wọn ò rí òkú rẹ̀.

*Wọ́n ní bàálù onípákó làwọn obìnrin Rọ́ṣíà fi ń ju bọ́ǹbù. Èmi tí mo ń ta pákó, mo mọ ohun tí pákó lè gbé. Ẹ ṣàlàyé.*
Onígẹdú, Ìjẹ̀bú-Igbó

Òótọ́ ni, pákó sì gbé e. Po-2 lorúkọ bàálù náà. Kó tó di 1944, U-2 ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1928 ló kọ́kọ́ fò, fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́. Igi ni egungun rẹ̀, plywood bo apá kan, aṣọ ni wọ́n fi bo àwọn ìyẹ́, wọ́n sì fi ọ̀dà kan kùn ún kí aṣọ náà lè fún gbọ́ngbọ́n bí awọ gángan. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ní sílíńdà márùn-ún, agbára ẹṣin 100. Bó bá sáré dé òpin agbára rẹ̀, nǹkan bíi kìlómítà 150 ní wákàtí kan ni. Mọ́tò tó yá jù ú lọ ń kọjá lójú ọ̀nà Ṣàgámù sí Ọrẹ lójoojúmọ́, a ò sì yìn wọ́n fún un.

Ènìyàn méjì ló ń jókòó sínú rẹ̀, awakọ̀ níwájú, amọ̀nà lẹ́yìn, láìsí òrùlé lórí wọn, nínú òtútù Rọ́ṣíà. Bọ́ǹbù tó ń gbé kò pọ̀: kìlógíráàmù 200 sí 300 lápapọ̀, lábẹ́ ìyẹ́. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni wọ́n ń lọ. Wọ́n á lọ, wọ́n á bọ̀, wọ́n á tún lọ, ẹ̀ẹ̀mẹjọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní òru kan, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹgbẹ́ 588, tó di Ẹgbẹ́ Ẹ̀ṣọ́ 46 ní 1943, lọ ju ìgbà 23,000 lọ kí ogun tó parí. Irina Sebrova nìkan lọ ju ìgbà 1,000 lọ. Kì í ṣe pé bọ́ǹbù kékeré náà wó ìlú. Àwọn ọmọ ogun Jámánì ò rí oorun sùn ni.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Wọ́n á gòkè kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀tá, wọ́n á dín iná ẹ́ńjìnì kù títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, bàálù á wá máa rọra yọ̀ bọ̀ nílẹ̀ bí ewé tó já. Ohun tí ará ìsàlẹ̀ á gbọ́ ni atẹ́gùn tó ń fun fèrè láàrin àwọn wáyà ìyẹ́. Ìró yẹn ló jẹ́ kí àwọn Jámánì máa pè wọ́n ní àjẹ́ òru, orúkọ tí ọmọ Yorùbá kan kì í fi ṣeré. Amọ̀nà á ju bọ́ǹbù, awakọ̀ á da iná padà sí ẹ́ńjìnì. Bí ẹ́ńjìnì bá ti tutù jù, ó lè máa wúkọ́ dípò kó gba iná, ilẹ̀ sì ti sún mọ́. Nígbà mìíràn, wọ́n á lọ ní méjì-méjì: ọ̀kan á mọ̀ọ́mọ̀ kó sínú iná àwárí, iná ńlá tí wọ́n fi ń wá bàálù lókè lóru, á máa yí kiri kí ìbọn lè máa lé e, èkejì á ti gba ẹ̀yìn wọlé. Lẹ́yìn náà wọ́n á pààrọ̀ ipò.

Nílẹ̀, obìnrin ló ń rọ epo sínú bàálù, obìnrin ló ń tún ẹ́ńjìnì ṣe, obìnrin ló ń so bọ́ǹbù mọ́ ìyẹ́ nínú òkùnkùn. Ohun tó ń mú bọ́ǹbù bú kéré débi pé a ò lè fi ìbọ̀wọ́ dì í. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń ṣe é nígbà òjò dídì, irin á máa bó wọn lára.

Bí ọta bá gba inú aṣọ ìyẹ́ kọjá, kò jù bẹ́ẹ̀: aṣọ tuntun, gọ́ọ̀mù, ọ̀dà, ó di òru ọ̀la. Bó bá gba igi ńlá tó gbé ìyẹ́ dúró, ọ̀rọ̀ di ti gbẹ́nàgbẹ́nà. Ohun tí kò ní àtúnṣe ni iná, torí ọ̀dà ara aṣọ náà ń jó bí epo bẹntiróòlù. Títí di 1944, wọn kì í gbé párásúùtì. Ìwọ̀n rẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé bọ́ǹbù sí i. Òru tó burú jù fún wọn ni ti 31 July 1943 mọ́jú 1 August. Iná àwárí tàn bí ìṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbọn ilẹ̀ dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ṣàjèjì sí wọn. Ohun tó fà á ni pé bàálù ajagun Jámánì ti wà lókè, àwọn ará ilẹ̀ ò sì fẹ́ yìnbọn lu ènìyàn tiwọn. Bàálù mẹ́rin ló jóná lóru ọjọ́ kan. Obìnrin mẹ́jọ.

*Ẹ má bínú sí mi o. Báwo ni wọ́n ṣe ń tọ̀ lókè?*
Ìyá ọmọ mẹ́rin, Òde-Rẹ́mọ

Kò sí ìbínú. Nínú ọ̀pọ̀ bàálù ológun Amẹ́ríkà, rọ́bà kan wà fún un, ṣùgbọ́n ara ọkùnrin ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Obìnrin kì í mu omi kó tó gbéra, á sì pa á mọ́ra títí yóò fi balẹ̀. Aṣọ náà, ti ọkùnrin ni. Àwọn WASP gba kóbọ́ọ̀lù oníwọ̀n 44, èyí tó wọ ènìyàn méjì; wọ́n ká ọwọ́ rẹ̀, wọ́n ká ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi bẹ́líìtì fún un. Àwọn ti Rọ́ṣíà ń ki bébà sínú bàtà kó má bàa bọ́.

*Mo wà ní SS2. Mo fẹ́ wa bàálù ológun. Àbúrò bàbá mi ní kò sí obìnrin tó ń ṣe é ní Nàìjíríà, ó tún ní mo kúrú jù.*
Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin, Ìperu-Rẹ́mọ

Ka èyí sí àbúrò bàbá rẹ létí, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀. Blessing Liman gba ìyẹ́ awakọ̀ nínú Ọmọ Ogun Òfurufú Nàìjíríà ní oṣù kẹrin 2012, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́. Ní oṣù kẹwàá 2019, Kafayat Sanni di obìnrin àkọ́kọ́ tó ń wa bàálù ajagun, Tolulope Arotile sì di ti àkọ́kọ́ lórí hẹlikọ́pítà ajagun.

Ọ̀nà tó tààrà jù ni NDA, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ́físà ológun ní Kàdúná, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba obìnrin sí ẹ̀kọ́ ajagun ní 2011. O máa ṣe JAMB, o máa tún ṣe ìdánwò NDA fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á pè ọ́ fún àyẹ̀wò ara àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Krẹ́díìtì márùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò nínú rẹ̀. Má ṣe fi físíìsì sílẹ̀. O ò gbọ́dọ̀ tíì lọ́kọ. Ọdún márùn-ún ni, mẹ́rin fún oyè, ọ̀kan fún iṣẹ́ ológun pọ́ńbélé. Bí o bá ti ní oyè yunifásítì tẹ́lẹ̀, ọ̀nà mìíràn wà, DSSC ni wọ́n ń pè é.

Ohun kan wà tó ń da ọ̀pọ̀ òbí láàmú: bí o bá jáde, Pilot Officer lorúkọ ipò rẹ. Kì í ṣe pé o ti ń wa bàálù o. Orúkọ ipò ni, bíi lẹ́fútẹ́náǹtì kékeré láàrin àwọn ológun orí ilẹ̀. Ẹni tó ń ṣírò owó ní ọ́fíìsì lè jẹ́ Pilot Officer. Lẹ́yìn ìyẹn ni a máa ń yan àwọn tí yóò kọ́ wíwa bàálù, ilé ẹ̀kọ́ 401 ní Kàdúná sì ni ìbẹ̀rẹ̀. Ojú ló ń dá ọ̀pọ̀ padà níbẹ̀. Lọ yẹ ojú rẹ wò nísinsìnyí, kí wọ́n dán ọ wò lórí àwọ̀ pẹ̀lú: pupa àti àwọ̀ ewé gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ara wọn lójú rẹ.

Ní ti kíkúrú, Betty Gillies, ọ̀kan lára àwọn obìnrin Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ náà, ò ga ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti íńṣì kan àbọ̀ lọ. Wọ́n gbẹ́ igi sórí pẹ́dálì kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tó o, ó sì wa P-47, bàálù ajagun tó wúwo púpọ̀. Lóde òní, wọn ò ní gbẹ́ igi fún ọ. Wọ́n ní ìwọ̀n gíga tí wọ́n ń gbà, ó sì wà nínú ìkéde ọdún kọ̀ọ̀kan. Kà á kí o tó san kọ́bọ̀. NDA a máa gba owó fọ́ọ̀mù, orí íkànnì wọn ni a ti ń san án. Fọ́ọ̀mù ìgbanisíṣẹ́ Ọmọ Ogun Òfurufú, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ní òun mọ ọ̀gá kan tí yóò bá ọ gbà á, gbájúẹ̀ ni.

*Akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ni mí. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn obìnrin wọ̀nyí lẹ́yìn ogun? Ṣé wọ́n rí owó ìfẹ̀yìntì gbà?*
Àgọ́-Ìwòyè

Ohun tí ìwé bá pè ọ́ lọ́jọ́ tí ogun parí ni wàá gbà. Gbogbo ìyókù dúró lórí ìyẹn.

Àwọn ti Sófíẹ́ẹ̀tì, ológun ni wọ́n lórí ìwé: wọ́n ní ipò, wọ́n ní àmì ẹ̀yẹ, mẹ́tàlélógún nínú Ẹgbẹ́ 46 gba oyè akọni tó ga jù lórílẹ̀-èdè wọn. Ní oṣù kẹwàá 1945, wọ́n tú ẹgbẹ́ náà ká. Irina Rakobolskaya, tó jẹ́ olórí ètò ẹgbẹ́ náà, padà sídìí físíìsì, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Moscow. Yevgeniya Zhigulenko di olùdarí fíìmù. Lọ́dọọdún nígbà ayé wọn, ní 2 May, wọ́n máa ń pàdé níwájú ilé ìṣeré Bolshoi.

Ní ìlú Ọba, wọ́n ti ATA pa ní 30 November 1945. Àwọn obìnrin rẹ̀ ti jà fún owó ọgbọọgba pẹ̀lú ọkùnrin, ó sì tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ ní 1943. Lẹ́yìn ogun, ọkùnrin tó ní ìwé àṣẹ awakọ̀ kún ìgboro, iṣẹ́ ò kárí. Díẹ̀ ló rí ọ̀nà. Mary Ellis di alákòóso pápákọ̀ òfurufú Sandown ní 1950, ó wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ogún ọdún, ó sì kú ní 2018 lẹ́ni ọdún 101. Diana Barnato Walker wa bàálù tó yára ju ohùn lọ ní 1963.

Ti Amẹ́ríkà ni kó o fi kọ àròkọ rẹ. Lábẹ́ àṣẹ ológun ni wọ́n wà, ilé ológun ni wọ́n sùn, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba lásán ni ìwé pè wọ́n. Dọ́là 150 lóṣù nígbà ẹ̀kọ́, 250 lẹ́yìn rẹ̀, nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ń san owó oúnjẹ àti ibùsùn. Méjìdínlógójì ló kú. Ọ̀kan ni Mabel Rawlinson, ní Camp Davis, 23 August 1943: bàálù A-24 rẹ̀ já lulẹ̀ lóru. Ìkọ́ tí a fi ń ṣí ìdérí ibi tó jókòó ti bàjẹ́, kò ṣeé ṣí láti inú. Ẹni tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ yè. Òun jóná síbẹ̀. Bí ológun ọkùnrin bá kú, ìjọba á gbé e délé, wọ́n á ta àsíá lé pósí rẹ̀. Fún àwọn obìnrin yìí, kò sí àsíá, kò sí owó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló ń dáwó jọ kí òkú tó délé.

Ní oṣù kẹfà 1944, àbádòfin tí yóò sọ wọ́n di ológun ṣubú nílé ìgbìmọ̀. Ní 20 December 1944, wọ́n tú wọn ká. Fáìlì wọn wọ àpótí ìwé àṣírí. Ilé iṣẹ́ bàálù ò gbà wọ́n ní awakọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lè wá máa pín oúnjẹ fún èrò. Ní 1976, Ọmọ Ogun Òfurufú Amẹ́ríkà wá kéde pé àwọn fẹ́ kọ́ obìnrin ní wíwa bàálù ológun fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn ìyá àgbà dìde. Ìgbà àkọ́kọ́ kẹ̀?

Ìwé kan ló gbà wọ́n. Helen Porter ti tọ́jú ìwé ìdágbére tí ọ̀gá ibùdó rẹ̀ fún un ní 1944. Nígbà tí àwọn aṣòfin kà á, wọ́n rí i pé irú èyí tí wọ́n fún ọmọ ogun ọkùnrin ni, tó sọ pé ó sin Ọmọ Ogun Amẹ́ríkà. Bí kì í bá ṣe ológun, ta ló fọwọ́ sí i? Ní oṣù kọkànlá 1977, Ààrẹ Carter fọwọ́ sí òfin tó kà wọ́n mọ́ àwọn tó sin ológun. Ní 2010, wọ́n gba àmì ẹ̀yẹ oníwúrà ti ilé ìgbìmọ̀.

O rò pé ó tán? Elaine Harmon kú ní 2015. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n tẹ́ òun sí ibi ìsìnkú ológun ní Arlington. Wọ́n ní òfin 1977 kò dé ibẹ̀. Ará ibẹ̀ máa ń sun òkú, nítorí náà eérú ìyá náà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọmọ rẹ̀ fún ohun tó lé ní ọdún kan. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin àgbà Ìjẹ̀bú, ẹ má ṣe pariwo, bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́hùn-ún nìyẹn.) Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ gbé e dé ilé ìgbìmọ̀, Obama fọwọ́ sí òfin tuntun ní oṣù karùn-ún 2016, wọ́n sì sin ín ní oṣù kẹsàn-án.

*Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ọmọ Kogí yẹn, Tolulope, ṣé ojú ogun ló kú sí? Mo bi yín torí ọmọ-ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ yìí, mo sì fẹ́ mọ ohun tó yẹ kí ìdílé bójú tó.*
Ìkẹnnẹ́-Rẹ́mọ

Bàbá, kì í ṣe ojú ogun. Flying Officer Tolulope Arotile, ọmọ Ìjùmú tó ń sọ Yorùbá Òkun, ti fi hẹlikọ́pítà A-109 jagun ní tòótọ́: ó wà nínú ìjà tí wọ́n ń pè ní Gama Aiki, tí wọ́n gbé ko àwọn agbébọn ní ìpínlẹ̀ Niger. Ṣùgbọ́n nínú ibùdó ológun òfurufú ní Kàdúná ni mọ́tò tó ń fi ẹ̀yìn rìn ti gbá a, ní 14 July 2020. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Wọ́n sin ín ní ibi ìsìnkú ológun ní Àbújá ní 23 July, pẹ̀lú àsíá àti ìbọn ìyẹ́sí. Ọ́físà ni ìwé pè é.

Ní ti ọmọ-ọmọ yín, ẹ ní kó fi ẹ̀dà mẹ́rin ránṣẹ́ sílé: ìwé ìgbaniwọlé, ìwé tó fún un ní ipò, èyí tó bá sọ pé wọ́n gbé e ga, àti fọ́ọ̀mù tó kọ orúkọ ẹni tó sún mọ́ ọn jù sí. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni Military Pensions Board á wò bí nǹkan bá ṣe é, kì í ṣe ẹni tó sunkún jù. Bó bá lọ́kọ lọ́la, fọ́ọ̀mù náà ò ní yí ara rẹ̀ padà. Òun ni yóò lọ yí i. Kí ẹ sì fi orúkọ inú rẹ̀ wé ti NIN, lẹ́tà sí lẹ́tà. Bí ìyá rẹ̀ bá ń jẹ́ Ọdúnúgà nínú ọ̀kan, tí wọ́n kọ Ọdúnúgbà sínú èkejì, ẹ lọ tún un ṣe lọ́sẹ̀ yìí.